Òwú Aláró Tó Pa Iná

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bẹẹrẹ, kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí iná mọ̀nàmọ́ná wà, àfi tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi, tó ń fi wáyà tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kì í ṣe pé ìjọba rán an níṣẹ́. Ó kàn wù ú ni.

Ó wé wáyà bàbà tó nípọn mọ́ ọ̀pá irin, ó wá wé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lé e lórí láìmọye ìgbà. Kì í jẹ́ kí agbára bátìrì rẹ̀ máa ṣàn lọ bí omi. Á jẹ́ kó wọlé díẹ̀, á sì gé e lójijì. Bó bá ti gé e, iná á fò láti ẹnu wáyà kan sí èkejì, pá! Àwọn wáyà náà kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn, nítorí náà òwú la fi wé wọn. Ìyá mi, aláró tí gbogbo Ọjà'ba mọ̀, ló fún un ní òwú. Kò fún un ní funfun o. Ó ní ohun tó bá ti ọwọ́ òun jáde gbọ́dọ̀ mu aró dáadáa.

Lásìkò ọyẹ́, iná ń fò bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ni àwọn ará ilé bá ń sọ pé àbúrò bàbá mi ti gbé Ṣàngó wọlé. Ọ̀rọ̀ dé etí baálé wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Baálé ní, "Bá a bá kírun Jímọ̀ tán, wá ṣe é lójú mi. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni, wàá ṣe é nígbà tí mo bá ní kó o ṣe é. Bó bá jẹ́ òòṣà tó ń ṣe tiẹ̀ nígbà tó bá wù ú, odò Ògùnpa ni gbogbo ẹ̀ ń lọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Iná náà kú pátápátá.

Àbúrò bàbá mi ní ọgbọ́n kan. Ó máa ń fi èéfín fìtílà kun dígí, ó sì so abẹ́rẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń mì bí agbára náà bá ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Èmi ni mo máa ń fa dígí náà kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì fa ìlà sínú èéfín náà. Ìlà ti àsìkò ọyẹ́ ṣì wà nípamọ́: ó rọra gòkè bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè Màpó, ó sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí a fà nígbà òjò gòkè, ó tún rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Kò já," ló ń wí ṣáá. "Ó ń jò níbì kan." Kò jẹun gidi fún ọjọ́ méjì.

Mo tú òwú náà díẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án. Ọmọ aláró ni mí. Ìyá mi kì í lo omi eérú tó fi ń po aró láìtọ́ ọ wò. Òwú náà ń ta lẹ́nu, ó sì tutù. Ta ni ò mọ̀ pé eérú máa ń fa omi bí òjò bá dé? Aró ìyá mi ló ń jẹ́ kí agbára náà jò. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo lọ sọ fún ìyá mi.

"Ìyá mi, ẹ dákun, òwú wa ló ń jò."

"Òwú ta ni? Aró tèmi!"

Ó fi ahọ́n kàn án. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tú gbogbo rẹ̀, ó gbé òwú funfun jáde, ó fi ìda oyin pa á, a sì jọ ń wé e títí di àárọ̀ Jímọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ pè é títí, kò dá wọn lóhùn.

Baálé dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Òjò ń rọ̀. Pá!

"Tún un ṣe."

Pá! Ìgbà méje ló ní kó tún un ṣe, ìgbà méje náà ni iná fò. Baálé jókòó, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Gbé e síbẹ̀." Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ní ti ìyá mi, títí ó fi kú ló ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe aró òun, mọ̀nàmọ́ná ni kò mọ ohun tó dára.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin kàn ń tẹ ara ògiri, iná á tàn, ẹ ò bi í léèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Lọ́jọ́sí, ọmọ ọmọ mi gbé ìwé kan ti yunifásítì dé, ó fẹ́ ṣàlàyé àwòrán inú rẹ̀ fún mi. Ìlà kan ni, ó rọra gòkè, ó sì já bọ́. Kó tó lanu, mo ti sọ ohun tó jẹ́ fún un, mo sì fi ìka han èyí tó rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìyẹn ń jò.

Ó lanu sílẹ̀. "Màmá, yunifásítì wo lẹ lọ?"

Mo ní ìdí ìkòkò aró ni.