Màgàríbì Inú Fóònù

Èmi Waheedat, ìyàwó ilé ní Ṣakí ni mí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, àwọn ló ni áàpù kan tó ń ka ìṣẹ́jú, tí á pariwo bí àkókò bá pé. Mojeed lorúkọ wọn, àmọ́ ìyàwó ò jẹ́ pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá ni mò ń pè wọ́n. Kóòdù yòówù kí wọ́n kọ, èmi ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí n fọwọ́ sí i, kó tó dé fóònù àwọn èèyàn.

Tẹ́lẹ̀, iye ìṣẹ́jú nìkan ni áàpù náà ń gbà. Lásìkò ọyẹ́, Bọ̀dá kọ tuntun: o lè sọ pé "wákàtí kan ààbọ̀", o lè sọ pé "ó di Màgàríbì". Ó dáa, mi ò ní purọ́. Àfi ìlà kan: wọ́n ti kan Màgàríbì mọ́ agogo mẹ́fà ààbọ̀, àkókò tí oòrùn ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Háà! Ṣé Bọ̀dá ló ń pàṣẹ fún oòrùn ni? Tí ààwẹ̀ bá fi máa dé, oòrùn ò ní wọ̀ títí á fi di agogo méje ku díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò sì ríran mọ́. Áàpù yìí nínú fóònù wọn ló máa sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n á ṣínu.

Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé, "Ibí yìí ò tọ̀nà." Mo tún pa á rẹ́. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ ló máa rí i. Mo bẹ Samsudeen, ọkọ mi, kó bá mi sọ fún wọn.

"Wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún ẹ, wọ́n fún wa ní yàrá, o wá fẹ́ dójú tì wọ́n? Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni inú fi ń bí mi. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Ilé wọn, iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, kí ló dé tó ń pẹ́?"

"Kò sí nǹkan o, Bọ̀dá. Ó ti parí." Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, gbogbo wa wà nílé, Bọ̀dá àti Samsudeen náà. Mo jókòó ti Màmá kí n lè tètè di ọwọ́ wọn mú bí fóònù bá yára sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Waheedat, bá mi bu omi." Mo ṣì wà nídìí àmù nígbà tí fóònù sọ̀rọ̀: "Màgàríbì ti tó." Oòrùn ṣì wà lórí páànù, Màmá sì ti ju èso dàbínù kan sẹ́nu.

"Màmá, ẹ tu ú!"

Wọ́n ti gbé e mì. Wọ́n dẹtí, kò sẹ́ni tó ń pe ìrun. Omijé bọ́ lójú wọn.

"Ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Ta ló yẹ nǹkan yìí wò?"

Mo wo Samsudeen. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bọ̀dá rọra dáhùn: "Ìyàwó wa ni, Màmá. Orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀."