Áńkáṣíìfù Pupa Bàbá Tó Kọ́ Mi Ní Mọ́tò

Bí mo bá rí áńkáṣíìfù pupa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á ti tẹ ilẹ̀ kí n tó mọ̀. Bàbá tó kọ́ mi ní mọ́tò ló fà á. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, a ò ní iná tiráfíìkì ní Ìkẹ́rẹ́. Áńkáṣíìfù Bàbá ni iná tiwa. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa ròyìn “uṣu” oko rẹ̀, bí Èkìtì ṣe ń pe iṣu, á sì ṣàdédé na áńkáṣíìfù sókè níbi tí ewúrẹ́ kan ò sí lójú ọ̀nà. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dúró, á ní, “Tíṣà, orí lo fi ń kàwé. Ẹsẹ̀ la fi ń wa mọ́tò.” Tó bá ti ki áńkáṣíìfù bọ àpò, mo lè máa lọ.

Lọ́jọ́ tó mú mi lọ sí Àkúrẹ́, iná pupa dá wa dúró. Ó dùn mọ́ Bàbá bí mo ṣe dúró, ló bá ń ju áńkáṣíìfù. Iná yí sí gírìnnì. N kò lọ.

Awakọ̀ kan pariwo lẹ́yìn wa: “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò tíì ki áńkáṣíìfù bọ àpò.”

Ó wò mí títí, ó rọra ki áńkáṣíìfù bọ àpò. Iná ti tún yí sí pupa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò béèrè. Mo wọ àárín ìkóríta.

Ọjọ́ pẹ́ lẹ́yìn náà kí Bàbá tó kú, ọjọ́ ogbó ló mú un lọ. Títí dòní, bí iná bá yí sí gírìnnì, mo máa ń kọ́kọ́ wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyàwó mi rò pé òun ni mò ń wò, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. N kò tíì sọ fún un.