Òróró Àdúrà Lórí Bíréèkì Fíkà

Mo rántí ìgbà tí mo ń tún bíréèkì ṣe ní ìlú Òǹdó, tí ọwọ́ mi kì í mọ́, tí ẹnu mi gan-an kì í sì í mọ́. Èmi nìkan ni obìnrin mẹkáníìkì ládùúgbò wa, mo sì rò pé ìyẹn fún mi láṣẹ láti fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́.

Fíkà ìjọ wa ní ògbólógbòó mọ́tò kan tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan máa ń gbóná bí ààrò. Kálípà, irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ àwo ẹsẹ̀ mọ́tò, ló ti dípẹtà tí kò tú sílẹ̀ mọ́. Fíkà ní ọwọ́ ayé ni. Ó da òróró àdúrà sí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kí ayé má baà ṣí lọ sí èkejì, ó sì wa mọ́tò jáde. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, ó tẹ bíréèkì títí, bíréèkì ò gbọ́. Inú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mọ́tò dúró sí. Ohunkóhun ò ṣe é, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló fara gbá a.

Ìyàwó rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ wọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì ti bímọ l'Àkúrẹ́, òun tó di ìyá àgbà sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ní òun ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ nípa ọ̀run, àmọ́ òun ò tíì ṣe tán láti wọ mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀.

Mo tú kálípà, mo tẹ bíréèkì títí píísìn, irin tó ń ti páàdì, fi yọ nínú rẹ̀, mo fi sáńdípépà họ ìpẹtà, mo pààrọ̀ rọ́bà, mo ju páàdì tó ti mu òróró yó nù. Ẹnu mi ò sinmi.

"Baba, ṣé kí n ṣèrìbọmi fún páàdì tuntun yìí kí n tó dì í fún yín?"

Àwọn àgbà kúkú sọ pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, Fíkà ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi, ó ní kí n jókòó ti òun, kí a jọ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn.

Mi ò retí ìyẹn. Bí mọ́tò ṣe dorí kọ ìsàlẹ̀, gbogbo bóòtù tí mo dì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kàn mi. Mo dijú. Ẹnu mi ń pe Olúwa wúyẹ́wúyẹ́. Mọ́tò rọra dúró, gbọin, níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́kù.

Fíkà yíjú sí mi. "Ta lò ń ké pè, ọmọ mi? Ṣebí ìwọ lo ṣe bíréèkì."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló wọ mọ́tò náà, òun àti Fíkà sì dé Àkúrẹ́ láyọ̀.

Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé mo dákẹ́ jù fún mẹkáníìkì. Bí mo bá di kálípà tán, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, ẹnu mi á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí n tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n rò pé bóòtù ni mò ń wò.