Ìjímèrè Orí Òkè àti Ẹ̀yìn Mi

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyàwó mi. Kí ó tó fẹ́ mi, ẹranko tó ti fojú rí kò ju eku ilé, àgbò iléyá àti lékeléke etí ọ̀sà Bàrígà lọ. Èmi ní tèmi, abẹ́ òkè olókùúta kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìjímèrè, ọ̀bọ pupa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn, ti ń sáré lórí àpáta bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú ni mo ti ń ròyìn wọn. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, ìjímèrè. Bí wọ́n bá múná lọ, ìjímèrè. Àwọn aládùúgbò ti há a sórí.

Ìyàwó mi nìkan ni kò gbà. "Dádì, ìròyìn ò tó àfojúbà o," ló máa ń wí. Lọ́dún tó kọjá, ó ní ká jọ lọ wò ó. Bí òun bá fojú ara òun rí ẹyọ kan péré, òun á gbà. Bí òun ò bá rí i, kí n má dárúkọ ìjímèrè mọ́ nínú ilé òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ọkùnrin tí wọ́n gba ìjímèrè lẹ́nu ẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ máa sọ?

A gun òkè náà ní kùtùkùtù. Ìrì wà lára koríko, àdàbà ń ké, afẹ́fẹ́ tutù minimini, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. A jókòó sẹ́yìn àpáta kan tó dojú kọ oko ẹ̀pà nísàlẹ̀. Mo gbé awò tí í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni lé ìyàwó mi lọ́wọ́, mo ní kó má tiẹ̀ mí.

Àwọn èèyàn mi ni mo gbàgbé. Nílùú wa, èèyàn kì í kọjá lára èèyàn láìkí i, ìkíni náà kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọdẹ kan ló kọ́kọ́ kọjá.

"Ẹ kú ìjókòó o! Èkó ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo fìka bo ẹnu, mo ń mi orí. Ó rò pé n ò gbọ́ ni, ló bá tún gbogbo ẹ̀ kí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pariwo sí i. Gbogbo ẹyẹ orí òkè fò lọ.

"Àwọn ìjímèrè yín ti jápa," ni ìyàwó mi wí. "Wọ́n á ti dé Kánádà báyìí."

Ni mo bá dọ́gbọ́n. Mo dojú bolẹ̀ lórí àpáta, mo nà gbalaja, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi kí mọ́. Ìyá àgbà kan tó ń roko ẹ̀pà gbójú sókè, ó rí ọkùnrin tó nà sílẹ̀, ó rí obìnrin tó jókòó tì í tí kò fọhùn. Ó figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ará Èkó ti ṣubú!"

Kí n tó dìde, gbogbo oko ti ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ kú ewu o!" "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ìyá àgbà ní bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn tó bá ṣubú máa ń wí. Wọ́n dá mi dọ̀bálẹ̀ padà, wọ́n ká ẹ̀wù mi sókè, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí wọ́ ẹ̀yìn mi. Àtàǹpàkò ẹ̀ le ju àpáta lọ. Mo ké.

"Ẹ ò rí i," ló wí, "ibẹ̀ gan-an ni."

Àárín igbe yẹn ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. "Dádì! Wọ́n ti dé!" Oko ti ṣófo, àwọn ìjímèrè sì ti rí i pé gbogbo ayé wà lórí ẹ̀yìn mi. Ó gbé awò sójú, ó ń ròyìn. "Ha, wọ́n pọ̀! Ọ̀kan nàró bí èèyàn, ó ń ṣọ́nà! Yéè, eléyìí gbé ọmọ mọ́ ikùn! Ó fa ẹ̀pà tu, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dànù bí ẹni ń ṣa ẹ̀fọ́! Irunmú funfun ló ní, bíi ti lánlọ́ọ̀dù wa gẹ́lẹ́!"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ n gbórí sókè. Ìyá àgbà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Fara balẹ̀, ọmọ mi."

Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀pà ló ń lọ ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀, tí wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú igbe. Kí n tó dìde, eruku ni mo bá.

Ìyàwó mi gbà. Ó gbà kọjá bó ṣe yẹ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ló ń dúró sí báyìí tó ń ròyìn wọn fáwọn aládùúgbò, tí á nàró bí ìjímèrè tó ń ṣọ́nà, tí á máa gbọn ẹ̀pà tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi díẹ̀ kún un, á yíjú sí mi: "Dádì, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Mo jàre ẹjọ́, wọ́n sì gba ìjímèrè lẹ́nu mi náà.

Títí dòní, bí mo bá ń lọ sí Onípàánù, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ìjímèrè mọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yìn ńkọ́?" ni wọ́n ń kí mi. Mo sì ń dáhùn pé ó ti ń san, torí wọn kì í kíni ká má jẹ́.