Ẹ̀bẹ̀ Tí Gbogbo Ayé Ń Yá Lò

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Kóòṣì Iwabuchi ṣe tí gbogbo ayé fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀, n ó ní kí ẹ lọ bi òun fúnra rẹ̀. Òun náà kò mọ̀.

Ọmọ Yaizu ni, ìlú apẹja tiwa níbí. Ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe, ó sì padà di kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti já wálẹ̀ sí ìpele kejì líìgì. Lọ́jọ́ burúkú yẹn, ó lọ síwájú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, ó kúnlẹ̀ nínú òjò, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, kò sì dìde títí pápá fi dá páropáro. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Bàbá yìí kò gbàgbé o. Ọgbà ọsàn ló ń tọ́jú láti ìgbà náà, kì í gba ọ̀nà pápá mọ́.

Àfi bí Chihaya, ọmọ ọmọ rẹ̀, ṣe gbé fóònù tọ̀ ọ́ wá. Fídíò ìkúnlẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ń fi í ránṣẹ́ láti bẹ ọ̀gá, ẹni tó jẹ kéèkì àbúrò rẹ̀ ń fi í bẹ àbúrò.

"Bàbá àgbà, ẹ ti di gbajúmọ̀."

"Ṣé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o, wọ́n fẹ́ràn yín ni."

"Ṣé wọ́n mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Chihaya rẹ́rìn-ín. "Ta ni ìyẹn kàn?"

Orí bàbá dàrú. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Kí ẹnì kan tó mọ ohun tó bàjẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan ló ń wá láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ní kó wá kúnlẹ̀ ní pápá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rò pé ọjọ́ ti pé. Ó wọ kóòtù dúdú, ó kúnlẹ̀. Ni gbogbo èrò bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bàbá kò mọ̀ bóyá kí òun náà rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tó ń jáde, Kuwabara tó ń sun ẹja tà lẹ́nu ọ̀nà pápá pè é. Láti ọdún tí ẹgbẹ́ ti já, ọkùnrin yìí kò kí i rí.

"Kí ló dé tí ẹ yọ Nagira kúrò lọ́jọ́ yẹn? Òun nìkan ló ń dí ẹ̀yìn fún wa."

"Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àṣìṣe mi ni."

"Ẹkún ni mo sun délé. Ìyàwó mi rò pé ẹnì kan kú ni. Mi ò tíì dárí jì yín o."

Omi lé ròrò sójú bàbá. Ìbínú nìyí, àmọ́ ara tù ú, kò sì mọ ìdí. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí kọnkéré, ó dorí kodò.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá ti ń fa fóònù yọ. Kuwabara na abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná sí wọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni wọ́n ń bẹ̀."