Ìpín Ẹran Solfrid

Ètè Ståle ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ń rí ènìyàn lára jù. Ọkùnrin náà a máa ki áṣáà sábẹ́ ètè òkè títí ètè yóò fi wú, bó bá sì lò ó tán, kò ní dà á nù. Yóò yọ ọ́ pẹ̀lú itọ́, yóò gbé e padà sínú ìdérí agolo, yóò ní adùn ṣì kù níbẹ̀. Solfrid ìyá rẹ̀ a máa rí agolo yìí lórí tábìlì oúnjẹ òun fúnra rẹ̀, a sì máa gbójú sápá kan. Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

Opó ni Solfrid, ìlú Sandefjord ló sì ń gbé. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó ń nu fèrèsé, ó ń ṣa ìbọ̀wọ́ tí àwọn ọmọ gbàgbé sí abẹ́ àga. Ọmọ ilé àdúrà paraku ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí kò ní kan òun lẹ́nu, kò kàn án rí. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, omi èso ló mu. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún un nínú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, ìyẹn Gudveig ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fẹ́ ará Sùwídìn, tó sì ń gbé Strömstad ní òdìkejì omi.

Láti ojú fèrèsé Solfrid, ènìyàn a máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò lọ sí Strömstad. Síbẹ̀ ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fojú kanra wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, òun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ståle gba iṣẹ́ náà ṣe, ìyá rẹ̀ tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí láyé sì ń dúró dè é.

"Ståle, ọkọ̀ Strömstad ńkọ́?"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wọ́n. Ẹ má lọ náwó dànù o. Tó bá ti wálẹ̀, a jọ máa wọ mọ́tò lọ."

Tíkẹ́ẹ̀tì kò wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ståle àti Unni ìyàwó rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn ní ẹ̀yìn mọ́tò. Kò sí ẹni tí kì í lọ. Ẹran Sùwídìn rọjú ju tiwa ní Sandefjord lọ, ọtí àti áṣáà inú ọkọ̀ kò lówó ibodè. Ìwọ̀n nìkan ni ìjọba fi sí i: kílò ẹran mẹ́wàá fún orí kọ̀ọ̀kan, ọtí ìwọ̀nba, áṣáà ìwọ̀nba. Nítorí náà, bí orí bá ṣe pọ̀ tó nínú mọ́tò ni ẹrù ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà ìrúwé ọdún yìí, ọmọkùnrin wọn ríṣẹ́ sí Bergen, ó kó lọ. Àyè kan ṣoṣo tí ẹrù ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn mọ́tò ṣófo.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ebba, olùtọ́jú kan ní ilé àwọn àgbà tí Gudveig wà ní Strömstad, pe Solfrid lórí fóònù.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n yín ò jẹun mọ́. A ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń yíjú. Tẹ́ ẹ bá máa wá, ẹ tètè wá."

Solfrid pe Ståle lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti múra àtibẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò débẹ̀ rárá.

"Fúráìdè, Màmá! Ẹ múra, a ń bọ̀ wá gbé yín."

Inú ìyá dùn débi pé ó gbàdúrà fún un. Ní ọjọ́ Tọ́sìdè, ó dúró ti ààrò láti òwúrọ̀, ó ń yan bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìyá wọn kọ́ wọn, èyí tí à ń ká bí ìwo nígbà tó bá ṣì gbóná. Ó kó o sínú agolo pupa, ó fi bébà bò ó. Ní àárọ̀ Fúráìdè, kóòtù búlúù tó wọ̀ lọ sìnkú ọkọ rẹ̀, tó gbé kọ́ sẹ́bàá ààrò mọ́jú, ló wọ̀.

Nínú ọkọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró ti mọ́tò nísàlẹ̀, gbogbo èrò ló ń gòkè. Ståle yan tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àwọn atajà kì í dé. Òórùn ibẹ̀ lè pa ewúrẹ́. Ó yọ ife tó gbé wá láti ilé, ó lọ gba omi gbígbóná ọ̀fẹ́. Unni yọ ewé tíì tí wọ́n ti rẹ lẹ́ẹ̀kan nílé láàárọ̀, tó wà nínú ọ̀rá, tó ń kán tótó. Wọ́n rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ståle tún rìn gba iwájú ilé oúnjẹ, ó ń bu ṣúgà àti iyọ̀ inú bébà sápò bí ẹni ń kórè. Nígbà tí Unni jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìdì bébà ìnùdí kan wà lábẹ́ súwẹ́tà rẹ̀. Wọn kì í ṣe òtòṣì o! Ilé tiwọn ni wọ́n ń gbé, mọ́tò wọn kò tíì pé ọdún méjì. Ojúkòkòrò lásán ni, ó ti jẹ wọ́n dé eegun.

Solfrid kò lè wò ó. Ó jáde lọ wo omi fúngbà díẹ̀. Nígbà tó padà, agolo pupa wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, Unni sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó dùn o, Màmá. Bọ́tà yẹn wọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ståle! Ti Gudveig nìyẹn!"

"Ẹ farabalẹ̀, Màmá. Ṣé ẹ rí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì kan lọ́hùn-ún? Oúnjẹ wà lọ́wọ́, ká wá lọ máa rà?"

"Mo ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣebí wọ́n ní wọn ò jẹun mọ́? Ta ni ì bá jẹ ẹ́?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́n. Solfrid wo ẹnu rẹ̀, ó rí èérún bisikíìtì tó lẹ̀ mọ́ ara áṣáà lábẹ́ ètè. Ó dé agolo náà, ó gbé e sórí itan. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá ti lè fojú kan Gudveig lónìí, ó tán.

Ṣùgbọ́n Ståle kò tíì tán. Ó fà sún mọ́ ọn.

"Màmá, tá a bá ń padà, tí àwọn aṣọ́bodè bá dá wa dúró, nínú ọtí tí mo rà nínú ọkọ̀ yìí, ìgò kan jẹ́ tiyín. Àti áṣáà. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ṣáà ní tiyín ni."

"Èmi? Ọtí?"

"Ẹnu lásán ni, Màmá. Ọlọ́run ò ní bínú nítorí ìgò kan. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é, ká lè ráyè lọ kí wọn."

Nítorí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ́ ṣe gbé ẹnu pa mọ́.

Ní Strömstad, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtajà ẹran. "Ká ṣáà mú díẹ̀, ká wá lọ," ni Ståle wí. Ilé àwọn àgbà kò jìnnà, òrùlé rẹ̀ ń yọ lórí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi Solfrid sílẹ̀ nínú mọ́tò. Unni sanwó ìpín àkọ́kọ́, ó kó o wá, ó to ẹran dídì sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lé e lórí itan, ó sì tún padà wọlé. Ọ̀rá kan ti ya. Omi pupa ṣàn wọ inú kóòtù búlúù tí ìyá fi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró, ó dúró, àkókò ọkọ̀ ìpadàbọ̀ sì ń sún mọ́lé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé ẹran kúrò lórí itan, ó wọlé lọ rán ọmọ rẹ̀ létí.

Ìlà àwọn tó fẹ́ sanwó gùn dé ẹ̀yìn ilé. Ståle wà láàárín, ó ń bá ọkùnrin onífìlà pupa kan sọ̀rọ̀. Solfrid dé ẹ̀yìn òkìtì míńírà, kí ó tó pè é, ó gbọ́ ohùn wọn.

"Orí mélòó lẹ jẹ́?" Onífìlà ló bèèrè.

"Mẹ́ta. Èmi, ìyàwó mi, àti ìyá mi."

"Ìyá ẹ ń mu?"

"Ìyá mi kẹ̀? Ará ilé àdúrà! Kì í mu, kì í fáṣáà, ẹran bíńtín yó o. Gbogbo ìpín ẹ̀, tèmi ni."

"O jẹ̀gbádùn! Tèmi ti kú. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń ṣàárò kílò mẹ́wàá ẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Báwo lo ṣe rí i mú wá? Àwọn àgbà kì í fẹ́ jáde."

"Mo ní a máa yà kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lókè yẹn. Ká tó kúrò lórí ìlà yìí, ọkọ̀ á ti fẹ́ lọ. Mo máa ní ó di ìgbà míì. Àgbà ni, á gbàgbé."

Àwọn kan ní ìyá ni wúrà. Lọ́wọ́ Ståle, ìyá ni kílò mẹ́wàá. Solfrid rántí àdúrà tó gbà fún ọmọ yìí lórí fóònù, ojú sì tì í fún àdúrà náà. Lẹ́yìn náà ó rìn jáde sí iwájú wọn.

"Ståle, mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Ètè Ståle já wálẹ̀. "Màmá! Ẹ̀... ẹ dúró, ọkọ̀ ò ní dúró dè yín o! Ta ló máa jókòó lẹ́yìn mọ́tò?"

"Gbé ẹran jókòó síbẹ̀."

Ó lọ mú agolo pupa rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè náà.

Gudveig ti rù, ó ku egungun lórí ìrọ̀rí. Ebba ní láti àárọ̀ kò tíì la ojú. Solfrid jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀. Imú àgbàlagbà náà ló kọ́kọ́ jí, ó ń gbóòórùn apá kóòtù àbúrò rẹ̀, níbi tí èéfín bọ́tà àti ṣúgà àná ṣì wà.

"Solfrid. O ti yan bisikíìtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ti Màmá wa?"

"Ti Màmá wa ni."

"Fún mi níbẹ̀."

Obìnrin tí wọ́n ní kò jẹun mọ́! Solfrid ṣí agolo náà bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èérún ló kù, ní igun, lábẹ́ bébà. Ó fi ìka kan itọ́, ó ń fi kó èérún náà, ó ń fi sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Gudveig ń lá ìka náà, ó ń mi orí. Nígbà tó tán, ó ní, "Òmíràn." Kò sí òmíràn. Solfrid kò bínú báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Hóònù mọ́tò dún nísàlẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dún gan-an. Ståle rèé ní ẹnu ọ̀nà ilé tí kò ráyè dé láti ọjọ́ yìí wá.

"Ta nìyẹn?" Gudveig bèèrè.

"Ọmọ mi ni. Ẹran ló wá gbé."

"Ẹran wo?"

"Èmi ni."

Solfrid fa aṣọ fèrèsé wálẹ̀. Hóònù dákẹ́. Láìpẹ́ Ebba wọlé, ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan.

"Màmá, ọmọ yín ti lọ bá ọkọ̀. Wọ́n já ẹrù kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ìpín yín ni, pé kí n bá wọn gbé e sí fíríìjì, kí ẹ gbé e bọ̀ lọ́la tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó yọ́."

"Ó bi ọ́ ibi tí màá sùn?"

Ebba wolẹ̀. "Rárá, Màmá."

"Ẹ sè é fún gbogbo ilé."

"Gbogbo ẹ̀? Ọtí ńkọ́? Ọtí líle ni."

"Ẹ fi nu fèrèsé. Ó ń mú dígí dán. Kẹ́ ẹ da áṣáà yẹn sí garawa ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ dé e."

Wọ́n tẹ́ ibùsùn kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí etí omi fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tí kò wa mọ́tò. Ọmọbìnrin tó wà nídìí fèrèsé sọ iye rẹ̀. Solfrid ní kí ó tún un sọ, nítorí ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Kò tó owó ife kọfí méjì. Nítorí owó kọfí méjì ni wọ́n ṣe fi omi dá òun àti Gudveig sí méjì láti ọjọ́ yìí! Ó dúró níbẹ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Lẹ́yìn náà ó ra méjì.

Ní Sandefjord, Ståle ti ń dúró. Ó ti ṣí bùùtù mọ́tò gbayawu, ó tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀ kí omi ẹran má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ilẹ̀kùn ibi tí ìyá máa jókòó wà ní títì. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹrù dà?"

Solfrid dúró díẹ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ yóò béèrè Gudveig. Kò béèrè.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Wọ́n ti ṣe kí ni? Gbogbo kílò mẹ́wàá? Ọtí yẹn ńkọ́, Màmá? Ọtí yẹn!"

"Ó wà lára fèrèsé."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ bùùtù kọjá, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì wà nínú àpò kóòtù búlúù náà, ti Fúráìdè tó ń bọ̀, ẹnì kan, láìsí mọ́tò. Kí bọ́ọ̀sì tó dé ilé, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìtajà, ó sì ra bọ́tà tiwa, ní iye tí wọ́n dá lé e.