Àlejò Tí Ìyá Mi Mú Wá fún Ẹja Ìyàwó Mi

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹja kan ló fi sílẹ̀ fún mi. A ò bímọ. Ẹja dúdú ni, ara rẹ̀ le, a sì máa fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹni ń fa ọsàn mu. Kútọnu ló ti rà á. Ẹni tó tà á fún un pè é ní pẹ́lẹ́kò. Ó gbé e lé itan nínú tasí títí dé Pọ́bẹ̀, ó sì gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínnì ìránṣọ mi. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ta ní ń sin ẹja tí kò ní jẹ? Àmọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹja yẹn ni mò ń kí láàárọ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bí mo bá ń gé aṣọ. Bí òun náà bá lọ, kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí mọ́ nínú ilé yẹn, yàtọ̀ sí èmi, tó ti jẹun lọ́wọ́ ìyàwó mi rí.

Ìyá mi ń gbé ní Ṣakẹ́tẹ́. Ó wá kí mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń ro ẹjọ́ oníbàárà kan fún ẹja. Ó wò mí, ó wo ẹja, ó sì padà sílé. Nígbà tó tún padà wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mijan, alùpùpù akérò, pẹ̀lú korobá tó dé lórí. Ẹja irú tèmi ló wà nínú rẹ̀, ó tiẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn kan tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ máa gbé ní Àjàṣẹ́ ló ti gbà á.

"Ìdáwà ló ń pa á lọ yẹn," ló wí. "Jẹ́ kó rí ẹni bá ṣeré."

Kí n tó la ẹnu, ó ti dà á sínú omi.

Àpáàdì ìkòkò kan wà nísàlẹ̀ omi tí ẹja mi ń sùn sí lábẹ́. Àlejò forí lé ibẹ̀ tààrà. Tèmi na ẹ̀gún ẹ̀kẹ́ rẹ̀ síta, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìrù, omi sì dàrú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, lẹ́bẹ́ ẹja mi ti ya bí etí aṣọ tí wọn ò ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti bó. Mo ní kí á yọ àlejò kúrò. Ìyá mi kọ̀.

Nílé wa, bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá jà, ìyá mi kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Inú àwo kan ni yóò bu oúnjẹ àwa méjèèjì sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde títí a ó fi jẹ ẹ́ tán. Bí ìjà ṣe ń parí nìyẹn. Ohun tó ní òun yóò ṣe fún ẹja náà nìyẹn. Ó fi ebi pa wọ́n di ọjọ́ kejì, ó wá gé kùkúńbà, ó so òkúta mọ́ ọn kó lè rì, ó sì gbé e sáàárín wọn.

"Ẹ jọ jẹ ẹ́," ló ń sọ fún wọn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ jọ jẹ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀.

Àwọn méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò tíì tọ́ kùkúńbà wò tí àlejò fi yí padà, tó gún ẹja mi lójú. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, mo ń pariwo bí wèrè, ẹ̀gún sì ń ya mí lọ́wọ́. Ìgbà tí mo máa fà á jáde, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́.

Mo gbé e sínú báfù, mo pààrọ̀ omi, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀ọ́, má lọ. Bí mo ṣe bẹ ìyàwó mi ní ọsibítù gan-an nìyẹn, mo sì mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ yẹn já sí. Ayé sú mi.

Ìyá mi ti kó àlejò padà sínú korobá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

"Kì í ṣe torí ẹja ni mo ṣe mú un wá," ló wí. "Ìwọ ni mò ń wò. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí."

Mo kọjú sí báfù. Ó gun sẹ́mijan, ó lọ.

Kò tíì lè dé Ṣakẹ́tẹ́ tí ẹja náà fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú báfù. Mo fi ìka tì í. Kò mira.

Nígbà tó yá, fóònù mi dún.

"Ẹja yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń jẹun, Màmá."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun," ni mo wí.